Ohùn Kékeré tí Ń Bẹ Nínú Asọ̀rọ̀mágbèsì

Nígbà tí àwọn àgbà wa kọ́kọ́ rí àpótí tí ń sọ̀rọ̀ láìsí ènìyàn nínú rẹ̀, asọ̀rọ̀mágbèsì ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Orúkọ náà dùn létí, ó sì bá ohun tí ojú rí mu: a lè yìn ín, a lè bú u, kò ní dá wa lóhùn. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ẹ̀yìn àpótí náà, a ó rí i pé orúkọ yìí kò sọ gbogbo òótọ́ tán. Rédíò tí a fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nílé ní ohùn tirẹ̀. Láti ìgbà tí a bá ti tàn án títí di ìgbà tí a ó pa á, ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ kan tí etí ènìyàn kò lè gbọ́. Bí kò bá sì sọ ọ́, kò ní lè gbọ́ ohun tí Èkó tàbí Accra tàbí London ń wí. Bí wúyẹ́wúyẹ́ yìí ṣe dé inú rédíò ni a fẹ́ bá ẹ̀yin olùgbọ́ wa sọ, nítorí pé òun ni ó mú kí ẹni tí ó jókòó sí yàrá rẹ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ohun tí ó fẹ́ gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a gba Gumani wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Àdúgbò kan ni Gumani ní ẹ̀gbẹ́ ìlú Tamale, ní ilẹ̀ àwọn Dagomba, ní àríwá Gánà. Nínú ìlú Tamale kan náà ni bárékè àwọn ológun kan wà tí à ń pè ní Kamina. Àlejò tí ó bá gbọ́ orúkọ náà lè rò pé èdè Dagbani ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kamina jẹ́ ibì kan nítòsí Atakpamé ní Tógò, nǹkan bí 300 kìlómítà sí Tamale, ní àgbègbè tí àwọn ará Ifẹ̀ Tógò ń gbé, àwọn tí èdè wọn bá tiwa tan. Ibẹ̀ ni àwọn ará Jámánì kọ́ ibùdó wáyálẹ́ẹ̀sì ńlá kan sí láàárín ọdún 1911 sí 1914. Ẹni tí ó darí iṣẹ́ náà ni Anton Codelli, ìjòyè kan tí ó wá láti Ljubljana. Àwọn òpó irin gíga ni wọ́n rì mọ́ ilẹ̀ níbẹ̀, kí Kamina lè máa bá Nauen, tí kò jìnnà sí Berlin, sọ̀rọ̀. Ọ̀nà náà ju 5,000 kìlómítà lọ. Láti Kamina ni wọ́n fẹ́ máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí Kamẹrúùnù, sí gúúsù ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, àti sí àwọn ọkọ̀ ojú omi wọn lórí òkun Atlantic.

Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní August 1914, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ni pé wọ́n gé wáyà tẹlígíráàmù Jámánì tí ó gba abẹ́ òkun kọjá. Láti ọjọ́ náà, Kamina ni etí Jámánì ní apá ibí yìí. Abájọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé kò fi jẹ́ kí oṣù náà parí kí wọ́n tó kọlu Tógò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ-ogun Gold Coast tí ó lọ jẹ́ ọmọ ìhà àríwá. Ọ̀kan nínú wọn ni Alhaji Grunshi, tí ìtàn sọ pé òun ni ọmọ-ogun ilẹ̀ọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́kọ́ yin ìbọn nínú ogun àgbáyé náà. Ní òru 24 mọ́jú 25 August, àwọn ará Jámánì fi ọwọ́ ara wọn ba Kamina jẹ́, wọ́n wó àwọn òpó náà lulẹ̀. Ní ọjọ́ 26, wọ́n túúbá. “Kamina” wá di ọ̀kan nínú àwọn orúkọ ogun tí a fi dá ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Gold Coast lọ́lá. Orúkọ náà ni bárékè Tamale ń jẹ́ títí di òní.

Ohun tí ó yẹ kí a kíyèsí nípa Kamina ni pé gbogbo agbára ibùdó náà wà ní ẹnu rẹ̀. Etí rẹ̀ kò mú tó bẹ́ẹ̀. Iná mànàmáná tí ń ta pàràpàrà ni wọ́n fi ń fọ́n iṣẹ́ sáfẹ́fẹ́, kì í ṣe ohùn ènìyàn, bí kò ṣe àmì kúkúrú àti àmì gígùn. Bí ohun tí a fi ń gbọ́ kò bá mú, ohun kan náà ni ó kù láti ṣe: kí a pariwo sí i. Ní Nauen fúnra rẹ̀, àwọn ẹlẹ́rọ ilé-iṣẹ́ Telefunken, tí Georg von Arco jẹ́ olórí wọn, gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ní ẹ̀rọ ńlá kan tí ń yí, tí ń mú iná jáde, ṣùgbọ́n irin kò lè yí kọjá ibi tí agbára irin mọ. Wọ́n wá fi àwọn wáyà tí a wé mọ́ irin sọ ìgbọ̀n iná náà di ìlọ́po méjì, kí ó lè yára tó bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ ẹ. A ti ń yí iye ìgbọ̀n padà ní ẹnu ẹ̀rọ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ ku ti etí.

Kí ni à ń pè ní iye ìgbọ̀n? Iye ìgbà tí ìgbì kan ń lọ tí ó sì ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni. Ibùdó rédíò tí a bá kọ 1,000 kìlóháàtì sí lórí àwo rédíò wa, ìgbì rẹ̀ ń gbọ̀n ní ìgbà mílíọ̀nù kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Etí wa kò lè gbọ́ ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún lọ. Ìgbì tí ń gba orí òrùlé Gumani kọjá ní alẹ́ kò níye. Ariwo rẹpẹtẹ ni wọ́n, bí a bá ní etí tí ó lè gbọ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ rí ọ̀nà sí i ni Reginald Fessenden, ọmọ Kánádà kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1901. Láti mọ ohun tí ó rí, kí a fojú inú wo àgbàlá kan tí obìnrin méjì ti ń gún iyán, oníkálukú nídìí odó tirẹ̀. Ọ̀kan ń sọ ọmọ odó sílẹ̀ ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan. Èkejì ń sọ tirẹ̀ ní ìgbà 55. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn ògiri yóò gbọ́ pé dídún méjèèjì máa ń pínyà, wọn a sì tún pàdé, wọn a dún gbì pọ̀. Bí ó bá ka iye ìgbà tí wọ́n pàdé ní ìṣẹ́jú kan, márùn-ún ni yóò kà, èyí tí í ṣe ìyàtọ̀ 60 àti 55. Kò sí ẹni tí ó ń gún ìgún márùn-ún nínú àgbàlá náà. Àpapọ̀ àwọn méjèèjì ni ó bí i. Fessenden wí pé bí a bá da ìgbì tí ó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn pọ̀ mọ́ ìgbì mìíràn tí àwa fúnra wa dá sílẹ̀ nílé, a ó rí ìgbì kẹta tí iye ìgbọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì, a sì lè ṣe é kí ó rọlẹ̀ dé ibi tí etí lè gbọ́ ọ. Ó fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì tí ó túmọ̀ sí “òmíràn” àti “agbára” sọ ọ́ lórúkọ: heterodyne.

Ọgbọ́n náà jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ó yá jù fún ìgbà rẹ̀. Ní 1901, kò sí ohun kékeré tí ó lè dá ìgbì sílẹ̀ nílé láìṣe ségesège. Obìnrin tí ó wà nídìí odó kejì kò lè gún gún régé. Àfi ìgbà tí fáàfù dé, àwọn gílóòbù kékeré tí àwọn tí ó dàgbà nínú wa rí tí wọ́n ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nínú rédíò àtijọ́, ni a tó rí ohun tí ó lè máa gbọ̀n láìyẹsẹ̀.

Ogun ni ó sì tún sún ọ̀rọ̀ náà síwájú. Ní ọdún 1918, Edwin Armstrong, ọ̀gágun kan nínú ẹ̀ka tí ń rí sí ìfiránṣẹ́ ti ọmọ-ogun Amẹ́ríkà, wà ní Paris. Òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ohun tí òun ń wá ni ọ̀nà láti gbọ́ ìgbì tí iná inú ẹ́ńjìnnì bàálù ọ̀tá ń ta, kí a lè mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ìgbì wọ̀nyí yára jù fún fáàfù ọjọ́ náà. Armstrong rò ó pé kò pọn dandan kí ìgbì náà rọlẹ̀ dé etí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí a kọ́kọ́ mú un wá sí agbedeméjì, níbi tí fáàfù ti lágbára tí ó sì rọrùn láti sẹ́ ẹ mọ́, kí a sọ ọ́ di ńlá níbẹ̀, kí a tó wá yọ ohùn jáde nínú rẹ̀. Ogun parí kí ẹ̀rọ náà tó wúlò fún ogun, ṣùgbọ́n ibi àgbedeméjì yẹn ni gbogbo ọgbọ́n náà wà.

Àwọn oníṣòwò tí ń gba Lomé láti Èkó lọ sí Tamale yóò mọ ohun tí à ń wí. Ẹni tí ó ní náírà, owó sẹ́fà àti sídì nínú àpò kan kò lè mọ èrè rẹ̀ bí kò bá ṣẹ́ gbogbo rẹ̀ sí owó kan ṣoṣo kí ó tó kà á. Bẹ́ẹ̀ ni rédíò yìí ń ṣe. Bí ibùdó tí a fẹ́ bá wà ní 1,000 kìlóháàtì, ohùn kékeré inú rédíò wa yóò gbọ̀n ní 1,455. Bí a bá fẹ́ èyí tí ó wà ní 600, ohùn náà yóò rọlẹ̀ sí 1,055. Ìyàtọ̀ wọn kò kúrò lójú kan: 455 ni, ibikíbi tí a bá yí i sí. Nítorí náà, asẹ́ kan ṣoṣo tí a fi ara balẹ̀ ṣe fún 455 ni ó tó fún gbogbo ibùdó ayé. Ṣáájú èyí, ọ̀pọ̀ ìpele ni ó wà nínú rédíò, oníkálukú pẹ̀lú ohun yíyí tirẹ̀. Bí a bá yí ọ̀kan tí a kò yí èkejì bá a mu, rédíò a bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ rẹ̀ kò lè tọ́ ọ sọ́nà. Rédíò tuntun náà mú ohun yíyí kan ṣoṣo wá, tí ọmọdé lè lò.

Ta ni ó ni ọgbọ́n yìí? Armstrong kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní December 1918. Ṣùgbọ́n Lucien Lévy, ará Faransé, ti kọ tirẹ̀ sílẹ̀ ní August 1917, Walter Schottky ti Jámánì sì kọ tirẹ̀ ní àárín 1918. Àwọn mẹ́ta, láti orílẹ̀-èdè mẹ́ta tí wọ́n wà nínú ogun kan náà, ni ó ronú kan ohun kan náà. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ AT&T ra ẹ̀tọ́ Lévy, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ dé iwájú adájọ́; ní òpin àwọn ọdún 1920, Lévy ni ó gba ọ̀pọ̀ nínú ohun tí Armstrong sọ pé òun ni ó ni. Lójú tiwa, ìwé ni Lévy fi borí, iṣẹ́ ọwọ́ sì ni Armstrong fi borí, nítorí rédíò tirẹ̀ ni àwọn ènìyàn gbọ́. Ilé-iṣẹ́ RCA bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1924, wọn kò sì gba ilé-iṣẹ́ mìíràn láyè láti ṣe irú rẹ̀ títí di 1930. Ọdún mẹ́fà gbáko ni etí tí ó gbọ́n jù fi jẹ́ ohun ìní ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà.

Ní ilẹ̀ tiwa, ọ̀nà mìíràn ni ó gbà wá. Ní 31 July 1935, Gómìnà Arnold Hodson ṣí rédíò ZOY ní Accra, fún nǹkan bí ilé 300. Ní 1 December ọdún kan náà, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ìbàdàn sì tẹ̀lé e ní 1939. Àwọn tí ó gbé ayé nígbà náà rántí àpótí Rediffusion lára ògiri. Kò ní ohùn kékeré kankan nínú. Ẹnu lásán ni, tí wáyà so mọ́ ibùdó. Rédíò tí ó ń yan ohùn wà ní ibùdó náà, lọ́wọ́ àwọn tí ìjọba fi síbẹ̀. Wọ́n yan London, wọ́n sì gbà á wọlé fún wa. Olùgbọ́ lè pa á, ó sì lè tàn án, èyí nìkan ni agbára rẹ̀. A kò sọ pé Rediffusion kò wúlò, nítorí owó rẹ̀ kéré, ó sì kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n asọ̀rọ̀mágbèsì gidi ni èyí, nínú gbogbo ìtumọ̀ orúkọ náà.

Ìyàtọ̀ dé pẹ̀lú bátìrì àti trànsísítọ̀. Ní 1954, a bẹ̀rẹ̀ sí í ta Regency TR-1 ní Amẹ́ríkà, rédíò tí ó wọ àpò, tí trànsísítọ̀ mẹ́rin péré wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọgbọ́n Paris 1918 ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Láàárín ọdún mẹ́wàá, irú rẹ̀ láti Japan ti kún ọjà ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà.

Àwọn Yorùbá ti wà ní Tamale nígbà náà. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ṣakí àti Ìgbòho ti tẹ̀dó síbẹ̀, wọ́n ń ta aṣọ àti ọjà wẹ́wẹ́. Nígbà ìkànìyàn 1960, àwọn Yorùbá tí ó wà ní Gánà tó nǹkan bí 100,000. Láti Tamale sí Ìbàdàn tó nǹkan bí 560 kìlómítà. Lọ́sàn-án, ìgbì àárín kò lè rin irú ọ̀nà yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ìpele kan lókè sánmà a máa dá a padà sílẹ̀, ohùn Ìbàdàn a sì dé. Rédíò Lágósì náà wà lórí ìgbì kúkúrú. Ní 18 November 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á tàbí kí ó kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ilé ayé ọ̀pọ̀ ìdílé dojú dé ní ọ̀sẹ̀ méjì náà. Nínú irú wàhálà bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ní rédíò tí ń yí lè gbọ́ àṣẹ láti ẹnu Accra, kí ó yí i díẹ̀, kí ó gbọ́ ohun tí a ń wí nílé. Ẹni tí kò ní in, ohun tí aládùúgbò bá sọ ni yóò gbà gbọ́.

Ọgbọ́n yìí ní àbùkù tirẹ̀, àwọn tí ń gbọ́ ìgbì kúkúrú sì mọ̀ ọ́n láìmọ orúkọ rẹ̀. Nígbà mìíràn a máa ń bá ibùdó kan ṣoṣo ní ojú méjì lórí àwo. Bí ibùdó náà bá wà ní 9,600, ẹ wá a wò ní 8,690. Nígbà tí a bá yí i síbẹ̀, ohùn kékeré inú rédíò wà ní 9,145, èyí tí ó fi 455 ju ohun tí a ń wá lọ, ṣùgbọ́n tí 9,600 náà fi 455 ju òun lọ. Asẹ́ kò mọ ẹni tí ó wá láti òkè yàtọ̀ sí ẹni tí ó wá láti ìsàlẹ̀. Ìyàtọ̀ nìkan ni ó ń wò. Òjìji ibùdó ni a gbọ́ yẹn. Ó yà wá lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi ọdún gbọọrọ gbà pé London ní ibùdó méjì.

Àbùkù kejì tóbi jù ìyẹn lọ. Ohùn kékeré náà máa ń jò jáde. Rédíò tí ń gbọ́ jẹ́ rédíò tí ń fọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í rìn jìnnà. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi máa ń sọ fún àwọn èrò inú bàálù pé kí wọ́n pa rédíò wọn, kí ó má baà dí ẹ̀rọ awakọ̀ lọ́wọ́. Nítorí rẹ̀ náà ni àwọn ọkọ̀ tí ń wá ẹni tí kò san owó tẹlifíṣọ̀n ní Britain, ní àwọn ọdún 1960, fi lè dúró ní títì kí wọ́n mọ ilé tí tẹlifíṣọ̀n ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn agbófinró àṣírí MI5 lò ó ní òpin àwọn ọdún 1950 láti wá àwọn amí Rọ́ṣíà. Wọn kò nílò láti mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ń gbọ́ ni wọ́n ń wá, ohùn kékeré inú rédíò rẹ̀ sì ni ó fi í hàn. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò mọ̀ pé gbígbọ́ pẹ̀lú lè ní ẹlẹ́rìí.

Ní ìhà ti ẹ̀rọ tí ń fọ́n, ìyípadà iye ìgbọ̀n ti di iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ibùdó tí ó wà lórí òkè láti gba ohùn kí ó sì tún un fọ́n kò lè fi iye ìgbọ̀n kan náà ṣe méjèèjì, nítorí yóò máa gbọ́ ariwo ẹnu ara rẹ̀. Yóò gba ọ̀kan, yóò sì fọ́n òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni sátẹ́láìtì rí. Nígbà tí a ṣí ibùdó Lánlátẹ̀ ní ilẹ̀ Ìbàràpá ní 1971, ìgbì tí ń gbọ̀n ní nǹkan bí bílíọ̀nù mẹ́fà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ó ń gòkè lọ, sátẹ́láìtì a sì yí i padà sí bílíọ̀nù mẹ́rin kí ó tó dá a padà sí ayé.

Gánà kọ́ tirẹ̀ sí Kuntunse, lẹ́bàá Accra, ní 1981, pẹ̀lú àwo irin kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 32 mítà. Nígbà tí wáyà tuntun tí ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ gba abẹ́ òkun dé, àwo náà kò níṣẹ́ mọ́. Ní 1914, gígé wáyà abẹ́ òkun ni ó sọ Kamina di ohun tí a ń jà lé lórí. Ní àkókò tiwa, dídé wáyà abẹ́ òkun ni ó sọ Kuntunse di ahoro. Àwọn onímọ̀ Gánà àti ti South Africa fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti tún un ṣe, ní August 2017, wọ́n sì ṣí i ní ibùdó tí ń gbọ́ ìràwọ̀.

Ní Tamale, Rédíò Savannah ti GBC wà lórí 91.2 FM. Nínú rédíò ẹni tí ó bá ń gbọ́ ọ ní Gumani, lọ́nà tí ọ̀pọ̀ rédíò FM fi ń ṣiṣẹ́, ohùn kékeré náà wà ní 101.9, ìyàtọ̀ wọn sì jẹ́ 10.7. Nínú àwo ńlá Kuntunse pẹ̀lú, irú ohùn bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀, tí ń mú ìgbì tí ó ti ọ̀dọ̀ ìràwọ̀ wá rọlẹ̀ sí ibi tí a lè kà á.